Bàbá Tó Ń Gbọ́ Igbe Ọmọ

Nínú oṣù kẹfà, àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Oǹdó dìbò yan àlejò tí wọ́n fẹ́ fún Ọjọ́ Àwọn Bàbá. Wọn ò yan dókítà, wọn ò yan pásítọ̀. Ẹni tó ń ya Agboolé Àrá ni wọ́n yàn.

Ìwé ìtàn aláwòrán ni Agboolé Àrá. Ìdílé kan ni wọ́n, gbogbo wọn ló sì ní agbára. Ìyá ń fò. Nínú ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan ń la ògiri kọjá, ọ̀kan ń fi ọwọ́ lásán gbé ọkọ̀ akẹ́rù. Bàbá Àrá ni olórí wọn. Agbára tirẹ̀ ni pé ibi yòówù tí ọmọ rẹ̀ bá ti sunkún, ó ń gbọ́, á sì débẹ̀ kí omijé tó kan ilẹ̀.

Tolúwalọpẹ́, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ni tíṣà kíláàsì karùn-ún. Òun nìkan ló sọ̀rọ̀ lòdì sí ìwé náà nípàdé àwọn tíṣà. Ó ní ó ń rí òun lára. Ọ̀gbẹ́ni Bísọ́dún, ọ̀gá iléèwé, bi í pé kí ló burú níbẹ̀, ṣé àwọn ọmọ inú rẹ̀ ń bú àgbà ni, àbí wọ́n ń jalè? Nílé, ó fi ìwé náà han ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ yẹ orúkọ tó wà lẹ́yìn ìwé náà wò, ó gbé e kalẹ̀, ó lọ fọ ọwọ́.

Nígbà tí Tolúwalọpẹ́ wá ní òun lòun máa mú lẹ́tà ìpè náà lọ sí Àkúrẹ́, ó ya Ọ̀gbẹ́ni Bísọ́dún lẹ́nu. Ó rò pé ọkàn rẹ̀ ti rọ̀ ni.

Olúrántí lorúkọ ayàwòrán náà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, yàrá kan ní àdúgbò Isikan ló ti ń ṣiṣẹ́. Yàrá náà ń rùn fún ẹja díndín àti tàdáwà. Ó ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí Tolúwalọpẹ́ kanlẹ̀kùn.

"Wọlé, ọmọ mi," ó ní, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

Tolúwalọpẹ́ jókòó sí etí àga, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Ó ní iléèwé kan ní Oǹdó ló rán òun wá, pé àwọn ọmọ ń ka ìwé rẹ̀.

Ọkùnrin náà fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Ó sọ pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òun ka ìwé àwọn òyìnbó, òun sì rí i pé ọ̀pọ̀ akọni wọn ló jẹ́ ọmọ òrukàn: wọ́n á pa òbí rẹ̀ ní ojú ìwé àkọ́kọ́, agbára á sì wọ̀ ọ́. Ó ní ìyẹn kò yé òun. Nílẹ̀ tiwa, ẹni tí kò ní ẹnìkan lẹ́yìn, níbo ni agbára rẹ̀ yóò ti wá? Ìdí nìyẹn tí òun fi ya bàbá. Ó ń fi ahọ́n lá ìka kí ó tó ṣí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ó ṣí ibi tí Bàbá Àrá ti fi ogun sílẹ̀ lójú sánmà nítorí pé ibà mú àbíkẹ́yìn rẹ̀, omi sì lé ròrò sí ojú Olúrántí. Ó ní àwọn ọkùnrin ń kọ̀wé sí òun láti Ìgbàrà-Òkè pé òun ló kọ́ àwọn bí a ṣe ń ṣe bàbá.

Tolúwalọpẹ́ wo etí rẹ̀. Ó wo epo ẹja tó ń dán létè rẹ̀.

"Ṣé ẹ bímọ, sà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn tí o rí nínú ìwé yìí, àwọn lọmọ mi. N ò ní òmíràn."

Tolúwalọpẹ́ tún bi í léèrè, bóyá kò gbọ́ ọ dáadáa. Ìdáhùn kan náà ló fún un. Ó ní ọ̀rọ̀ ọkàn ni, pé ẹni tí kò bá ní ọkàn bàbá kò lè yà á.

Ó wá fa ìwé tuntun kan yọ, ó bi í lórúkọ kí òun lè kọ ọ́ sí i.

"Tolúwalọpẹ́," ó dá a lóhùn.

Olúrántí kọ ọ́ tán, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kí ó gbẹ. "Orúkọ tó dáa. Ta ló sọ ọ́?"

"Bàbá mi ni."

"Bàbá rẹ mọ orúkọ sọ."

Tolúwalọpẹ́ fi ìka méjì gba ìwé náà. Ó dúpẹ́, ó ní iléèwé yóò ránṣẹ́. Kò ṣí báàgì rẹ̀ láti mú lẹ́tà ìpè náà jáde. Níta, lẹ́bàá gọ́tà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bì títí kò fi sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́, ó sì fi ìwé náà sílẹ̀ nínú ohun tó bì. Ó ra omi, ó fọ ẹnu, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí gáréèjì Oǹdó.

Ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ní ọjọ́ ìkómọ rẹ̀ ní Oǹdó, Olúrántí ló gbé e lọ́wọ́, tó pe orúkọ náà sókè lẹ́ẹ̀mẹta lójú gbogbo ẹbí. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó wọ ọkọ̀ Àkúrẹ́, kò sì padà.