Òjìji Orí Koríko

Ẹ̀gbọ́n ṣì ń di báńdéèjì mọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ́rùn ọwọ́ nígbà tí wọ́n pè wọ́n. Ẹnì kan péré ni ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù fẹ́ mú, àwọn méjèèjì ló sì kù. Ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá lọ jìnnà jù ló wọlé.

"Ṣé ó ṣì ń dùn ẹ́?"

"Gan-an, Bọ̀dá mi."

"Fara dà á. Rántí, apá ni gbogbo agbára wà. Tí mo bá ń gbá tèmi, bọ́ọ̀lù ni kó o máa wò. Àbí èmi ni bọ́ọ̀lù?"

Láti ọdún méjì tó ti ń kọ́ ọ ní gọ́ọ̀fù ló ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Àbúrò rẹ́rìn-ín, ó tẹjú mọ́ bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n oòrùn àárọ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òjìji rẹ̀ sì nà sórí koríko níbi tí bọ́ọ̀lù wà. Ìbàdí òjìji náà ló kọ́kọ́ yí. Èjìká tẹ̀ lé e. Apá ló dé kẹ́yìn, ọ̀pá gọ́ọ̀fù sì já fìrì bí pàṣán.

Apá kọ́ ni agbára wà, bó ṣe ń kọ́ ọ. Ẹni tó ń di ọwọ́ rẹ̀ lálẹ́ ló ń ṣe é léṣe lọ́sàn-án.

Nígbà tó kàn án, ìbàdí ló kọ́kọ́ yí. Bọ́ọ̀lù fò kọjá ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọwọ́ kò sì dùn ún.

"Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ni, Bọ̀dá mi. Ẹ kàn pẹ́ díẹ̀."

Àbúrò tú báńdéèjì náà, ó fi lé e lọ́wọ́, ó sì lọ fọwọ́ síwèé ẹgbẹ́ náà láì wẹ̀yìn.

Báńdéèjì náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.