Ìyẹ́ Tí Àwòdì Pín

Ààlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Adìẹ abiyamọ.

Lọ́dún tí Àwòdì jọba, ọ̀yẹ́ mú débi pé òròmọ ń gan mọ́lẹ̀. Ọba ní kí ìlú wá gba ìyẹ́ tí wọn yóò fi bo ọmọ wọn. Adìẹ tò láti gba tirẹ̀, ó ń kọrin:

Ọba daṣọ bò wá o,
Tere-ná.
Ọba ò gbàgbé wa o,
Tere-ná.

Ẹyẹlé ní, “Ìyá Òròmọ, níbo lọba ti rí ìyẹ́?”

“Ọ̀tá ìlú! Ṣé ìwọ lo máa fún wa ni?”

Adìẹ délé, ó tú ìyẹ́ sílẹ̀, ó rí àmì dúdú ara àbíkẹ́yìn rẹ̀ tó sọnù níjẹta. Ó sunkún títí. Ṣùgbọ́n òtútù ń pa àwọn tó kù, ló bá fi bò wọ́n.

Nígbà tí ọba tún ń pín ìyẹ́, Adìẹ ló kọ́kọ́ dé. Kò kọrin. Ó ń wá ìyókù ara ọmọ rẹ̀ láàárín ìyẹ́ náà.

Bí ẹ bá ní irọ́ ni mo pa, ẹ relé lọ ka ọmọ yín.