Yorùbá Ẹnu Dorothy

Enugu, ọdún 1966. Ìsìn ti parí, àwọn obìnrin ìjọ Yorùbá ti yí Dorothy ká.

Ọmọ Ìgbò ni, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí ẹni tí wọ́n bí sí Ọ̀yọ́ ló ń sọ Yorùbá.

Ìlara ń jẹ Yéjídé nínú. Láti ọjọ́ tó ti ń gbé ní àdúgbò New Haven, bó bá fi Ìgbò ná ọjà l'Ógbètè, Píjìn ni wọ́n fi ń dá a lóhùn.

Adélàjà, ọkọ rẹ̀, ní kó fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.

Yéjídé tẹ́tí sí Dorothy. Dorothy náà ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n kì í dákẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá pòórá lẹ́nu rẹ̀, á sọ gbólóhùn kan, àwọn obìnrin á bú sẹ́rìn-ín, á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Yéjídé sún mọ́ ọn, kó lè jí ọgbọ́n náà kọ́.

"Dorothy, ta ló kọ́ ẹ ní Yorùbá?"

"Ẹnì kan ni, mà. Ó..." Ọ̀rọ̀ pòórá. Ó rẹ́rìn-ín. "Dúró ná, oorun ò tíì gbé mi lọ."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi Yéjídé.

Láti ìgbà tí òun àti Yéjídé ti fẹ́ra ni Adélàjà ti ń sọ gbólóhùn yẹn gan-an sí i létí, lórí ìrọ̀rí, bó bá ti ń tòògbé.