Abọ́ Mojírẹ́ Lábẹ́ Ìrókò

"Ìyá Mojírẹ́, ilé ọmọ yín ti ṣáájú yín dé," ni ẹ̀ṣọ́ ọgbà igbó ìjọba wí. Inú mi dùn. Mo wọ́ ilé kékeré onítáyà mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ lábẹ́ ìrókò. Àwọn ilé yòókù wa ara wọn wá ni, láìsí èèyàn nínú wọn. Wọ́n ń ya àwòrán igbó ránṣẹ́ sí onílé wọn nígboro, wọ́n sì ń fi ohùn onílé wọn dá èèyàn lóhùn. Ṣùgbọ́n Mojírẹ́ ti ṣèlérí pé òun fúnra òun ń bọ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Mo se ẹ̀bẹ, mo bù ú sí abọ́ méjì.

"Mojí, wá jẹun o!"

"Á gba ibi ire, mà," ni ilé náà dáhùn.

Ohùn ọmọ mi ni, kò yingin. Ṣùgbọ́n ọmọ wo ló ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn bí èrò ọ̀nà?

Síbẹ̀, mo dé abọ́ rẹ̀, kó má baà tutù.