Ṣùkú Orí Ìyá Délé

"Màmá, irú ṣùkú yìí ni mo fẹ́ o!"

Emmanuella na fọ́tò àtijọ́ sí ìyá àgbà rẹ̀. Ṣùkú ti tún gbòde, lọ́la sì ni ìgbéyàwó Emmanuella.

Ìyá Délé wo ara rẹ̀ nígbà ọmọge, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ọrùn! Kí n tó wá sanra bí àpò gàrí!"

"Ẹ ṣáà ní ọwọ́ ara yín lẹ fi dì í."

Lóòótọ́, gbogbo Kàbà ló ti fọ́nnu fún.

Ó gbé ìyarun, ó fi àdín pa orí ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀.

Ẹsẹ̀ irun kìíní wọ́ bí ọ̀nà oko. Ó tú u. Ó tún un dì. Èyí tún wá burú jù.

"Màmá, ṣé kò sí?"

"Dìde, ọmọ mi. Jẹ́ ká lọ."

Wọ́n gba ẹ̀yìn ilé, wọ́n kan ilẹ̀kùn kan.

Ìyá Godwin yọjú.

Ìyá Délé kúnlẹ̀ kí i. "Okun o, ìyálé mi."

"Láti ọjọ́ tí a ti sin ọkọ wa, ọdún mẹ́rin, o ò kí mi. Kí ló dé lónìí?"

"Ẹ̀yin lẹ di irun inú fọ́tò yìí fún mi. Irọ́ ni mo ń pa kiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún orí ọmọ ṣe."

Ìyá Godwin wo orí Emmanuella. Ẹ̀rín pa á.

Ó fa àpótí. "Ọmọ wa, jókòó."

Ó wá yíjú sí Ìyá Délé. "Ìyàwó, tú gèlè. Ìwọ ló kàn."