Ọmọ Àdúgbò Láti Àná

Omi ọṣẹ mu àlejò náà dé orúnkún nínú ọpọ́n ńlá tó wà lẹ́yìnkùlé, ó sì ń fẹsẹ̀ tẹ búláńkẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó bá a níjà. Àná ló dé. Ó ní òun ò wá ṣèbẹ̀wò síbi ìgbafẹ́ kankan, òun fẹ́ lo òpin ọ̀sẹ̀ bí ọmọ àdúgbò gan-an. Ìyá onílé ní ohun tó wu ọmọ jẹ kì í run ọmọ nínú, ló bá kó búláńkẹ́ẹ̀tì gbogbo ilé fún un.

"Ṣé bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é nìyí, mà?" Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ọ̀gá mi." Ìyá onílé na ẹsẹ̀ sórí àpótí, ó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ó ku àtẹ̀gùn tẹ́ ẹ máa gbá."

"Àtẹ̀gùn náà?"

"Àṣà wa ni."

Inú àlejò dùn ṣìnkìn.

Ni géètì bá dún. Ọmọbìnrin kan tóun náà wá ṣàlejò wọlé, báàgì ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó na fóònù sí àlejò, ó ń yà á ní fọ́tò.

"Ẹ má dáwọ́ dúró o, sà! Ọmọ àdúgbò gidi ni mo ti ń wá látàárọ̀. Ṣé kí n bá yín tẹ̀ ẹ́ díẹ̀?"

Ìyá onílé ti dìde, ó ń wá ọpọ́n kejì.

Àlejò na ọwọ́ tí ọṣẹ ń kán lára rẹ̀, ó fi dí ọmọbìnrin náà lọ́nà. Ó wò ó látòkè délẹ̀, ó pòṣé, ó wá kọjú sí ìyá onílé.

"Mà, ẹ tiẹ̀ wo nǹkan. Àwọn àlejò yìí ti wá pọ̀ jù ládùúgbò wa."