Híhọ Inú Páálí

Bọ́lájoko, tó ń sin ehoro tà ní Ṣakí, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, ó sì ń tutọ́ bó ti ń sọ ọ́.

Ó ń fi páálí kó àwọn ọmọ ehoro kan lọ fún oníbàárà. Ìyá wọn ti kú, ṣíbí ló fi bọ́ wọn dàgbà. Àṣà àwọn tó ń ta ehoro ni pé olùrà ló ń san owó ọkọ̀ ẹran, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ tí àwọn ẹran náà ń họ páálí, kó lè mọ̀ pé wọn ò tíì kú.

Òyèkúnlé awakọ̀ ju páálí náà sínú búùtù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì epo.

Bọ́lájoko ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbé e lé itan. Ooru á pa wọ́n níbẹ̀."

"Ìyá Ehoro, ṣé kí n tún ra ìrọ̀rí fún wọn ni?"

Híhọ náà ò dákẹ́ lójú ọ̀nà, ọkàn Bọ́lájoko sì balẹ̀. Àmọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú ló ń le sí i, bíi pé ẹnìkan ń fi èékánná ya pákó.

Oníbàárà ti ń dúró ní oríta. Nígbà tí wọ́n ṣí búùtù, òórùn òkú ẹran bò wọ́n. Bọ́lájoko tú páálí. Gbogbo ọmọ ehoro náà ti gan, omi ara wọn ti mú ìdí páálí rin, èèrà sì ti bo ojú wọn.

Òyèkúnlé nawọ́ sí oníbàárà. "Ẹ ṣáà ń gbọ́ híhọ. Ẹ fún mi lówó ọkọ̀ mi."

Lóòótọ́, nǹkan ṣì ń họ. Inú ikùn Òyèkúnlé ló ti ń wá, lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, aṣọ náà sì ń yọ gọngọ síwájú. Òun náà wo ikùn ara rẹ̀, ó rí i.

Bọ́lájoko gbé báàgì rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn wọnú òkùnkùn, kò sì bojú wẹ̀yìn.